Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ipò Àwọn Ọ̀dọ́ Nínú Ìlàjà àti Ìtẹ̀síwájú Ìlú

Òwe kan wà tí gbogbo ọmọ Odùduwà mọ̀, tí a sì máa ń pa nígbàkígbà tí a bá péjọ láti gbìmọ̀: "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." A ń pa á ní ìpàdé ẹbí, a ń pa á nínú ìjọ, a ń pa á níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo bí a ti ń ṣe àkóso ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, yóò rí i pé ìdajì òwe náà ni a ń lò. Àgbà ni ó ń gbìmọ̀, àgbà ni ó ń dájọ́, àgbà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé. Ìgbà tí ìjà bá dé ni a ń rántí pé ọmọdé wà, a kì í sì í pè é nígbà náà láti béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. A ń pè é kí ó wá gbé ìbọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí kò ṣòro láti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kéré. Òun ni pé ọ̀dọ́ tí a kò bá pè síbi tí a ti ń tún ìlú ṣe, tí a kò sì jẹ́ kí ó mọ bí a ti ń parí ìjà, òun náà ni a ó bá nídìí ìjà nígbà tí ó bá bẹ́. Bí a bá sì fẹ́ kí ó mọ ìlàjà ṣe, ìgbà tí ara tu ìlú ni a ó ti kọ́ ọ. Ìgbà tí èéfín bá ti bo ojú ọ̀run, ẹ̀kọ́ ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti Ilé-Ifẹ̀ gan-an tí òwe náà dárúkọ, àti láti Modákẹ́kẹ́ tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi kò jókòó láti dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ fà yọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ tú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá sí ìhà gúúsù, àwọn kan nínú wọn sì dúró láàárín àwọn Ifẹ̀. Ọ̀ọ̀ni Abéwéìlá ni ó fún wọn ní ibùdó tiwọn ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà, ibùdó náà sì ni Modákẹ́kẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ti di ọ̀rọ̀ tí kò tán nílẹ̀.

Ìjà bẹ́ ní 1849. Ó tún bẹ́ ní àwọn ọdún 1880 sí i, nígbà tí ogun Kírìjì ti pín ilẹ̀ Yorùbá sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí a fẹ́ parí ogun náà ní 1886, tí àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó ogun kan dé èkejì, a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n lọ tẹ ìlú wọn dó láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ìwé náà dára lójú, àmì ọwọ́ àwọn alágbára sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n tú ilé wọn, tí oko wọn wà lẹ́bàá ibẹ̀, kò kó. Ọdún 23 kọjá kí a tó tú ìlú náà ká ní 1909. Nígbà tí ó sì di 1922, wọ́n tún ti ń padà bọ̀. Ẹ kíyè sí èyí: ìwé lè mú kí ọba àti balógun dákẹ́ lẹ́nu ogun, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ẹni tí ń dáko lẹ́bàá ààlà gba ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Lẹ́yìn èyí ni kòkó sọ ilẹ̀ di wúrà. Isákọ́lẹ̀, èyí tí í ṣe ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀, di egungun ẹja ní ọ̀fun àwọn méjèèjì, pàápàá ní àwọn ọdún 1940 sí i. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Àgbẹ̀ tí ń san isákọ́lẹ̀ rò pé ìdè òun já, onílẹ̀ sì rò pé a ti gba ogún baba òun. Ìjà bẹ́ ní 1981. Nígbà tí a dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, ibi tí a ó fi olú-ilé rẹ̀ sí di ọ̀ràn. A kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ síhìn-ín, a tún yí i padà sọ́hùn-ún, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ 1997, iná sọ. Ó rọlẹ̀, ó tún ru sókè ní 2000. Ilé jóná, oko di ìgbòrò, ilé-ìwé tì, àwọn tí ó ti fẹ́ ara wọn ní tọkọtaya láti ìhà méjèèjì kò mọ ọ̀nà tí wọn ó gbà kí àna wọn.

Ta ni ó ja ìjà yẹn? Àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà lóru pẹ̀lú ìbọn kì í ṣe àwọn tí ó rántí 1849. Ọ̀dọ́ ni wọ́n: ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, ọmọ ilé-ìwé gíga, ọmọ àgbẹ̀ tí kò tíì ní oko tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gba isákọ́lẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì san án rí. Ìtàn ìjà ni wọ́n jogún. A kò fi ìtàn ìlàjà kún un fún wọn. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lẹ́yìn 1981, ó tún yan òmíràn lẹ́yìn ìjà ti ìkẹyìn. Àwọn ọlọ́lá jókòó, a kọ ìwé, a gbé e sínú àpótí. Ó yẹ kí a béèrè pé nígbà tí a ń ka ìwé wọ̀nyí, ọ̀dọ́ mélòó ni ó jókòó níbẹ̀ láti gbọ́ ọ?

Láti ìgbà náà wá, kò tún sí ogun irú ti ọdún wọnnì láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún gbogbo àwọn tí ó ṣiṣẹ́ àlàáfíà ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ní 2000 ti kọjá ọmọ ọdún 20 báyìí. Kò rí iná náà. Ìtàn rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Bí ó ti gbọ́ ìtàn náà, àti ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ni yóò sọ bóyá àlàáfíà yìí yóò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní gbogbo ìlú Yorùbá tí ọ̀ràn ààlà, oyè, tàbí ilẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ìlú tí kò sì ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Àwọn ẹlòmíràn lè wí pé àṣà tuntun ni kí a máa pe ọmọdé síbi ọ̀rọ̀ ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo àáró. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn yóò kó ara wọn jọ, wọn ó roko èyí lónìí, wọn ó roko ìyẹn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí ẹnìkan bá jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn tán tí kò sì fẹ́ san án padà, ìjà ti dé nìyẹn. Ta ni ó ń parí rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn ni, lábẹ́ igi kan ní ìdí oko. Wọn ó gbọ́ ẹnu onísùn, wọn ó gbọ́ ẹnu ẹni tí a sùn, wọn ó sì dá iye ọjọ́ tí yóò fi roko padà. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá fi di baálé ilé, ó ti jókòó níbi ẹjọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n. Oko ni ilé-ẹ̀kọ́ ìlàjà rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ ńlá, bí ilé kíkọ́ tàbí òrùlé bíbò, tí ó sì bẹ àwọn ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́-orí wọn dọ́gba ni ó ń ro ọ̀nà tí ó lọ sí odò àti èyí tí ó lọ sí ọjà; ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n sì ti ń dàgbà ni iṣẹ́ wọn ń yí padà, títí wọn ó fi dé ipò ìgbìmọ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣàdédé di àgbà. Ó gun àkàsọ̀ náà ní ìpele ìpele.

Ní Ìjẹ̀bú, ètò yìí kò kú. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń pè é, àwọn tí a bí láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó sì ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ọkùnrin ní tiwọn, obìnrin ní tiwọn. Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù keje 2025, ni ó jí ètò náà dìde nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Àwọn tí ó ń lọ wo Ọjúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá mọ bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń wọ aṣọ kan náà wá kí ọba. Aṣọ ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà tún ń dá owó jọ fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì ń bójú tó ẹni tí ọ̀ràn bá bá nínú wọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ará ìlú àti ẹni tí ó ti òkè òkun dé, inú ẹgbẹ́ kan ni wọ́n bára wọn nítorí pé ọdún tí a bí wọn dọ́gba. Ó ṣòro kí ènìyàn gbé àdá ti ẹni tí ó ń bá a dá owó àjọ.

Kí ni ó wá tú ètò wọ̀nyí ká níbi púpọ̀? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ilé-ìwé kó àwọn ọmọ kúrò ní oko, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n kò fi ohun mìíràn dípò àáró. Iṣẹ́ oṣù kó wọn lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ìṣèlú rí ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó sì fún un ní iṣẹ́. Lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù kẹwàá 1965, ọ̀dọ́ ni ó ń da epo sórí ilé àti sórí ènìyàn nínú ohun tí a sọ ní "Wẹ́ẹ́tìẹ̀". Àwọn tí ó rán wọn kò jẹ́ kí ọmọ tiwọn dé ojú pópó. Láti ìgbà náà títí di òní, ìgbà ìbò ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń gbọ́ pé ìlú nílò wọn.

N kò wí pé ọ̀dọ́ kò ní àléébù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1934, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1936 kí ó lè jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, tí wọ́n rí i pé kò tó ohun tí ó yẹ kí a fún ọmọ ilẹ̀ wa, ni ó dá wọn jọ. Dókítà Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1938, ẹgbẹ́ náà borí nínú ìbò ní Èkó, ó sì gba ipò lọ́wọ́ àwọn tí ó ti di í mú láti ọdún 1923. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní 1941, nígbà tí ó kan ẹni tí yóò gba àyè kan ṣoṣo ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Ikoli àti Akinsanya figa gbága. Àwọn kan bínú jáde, ẹgbẹ́ náà kò sì tún rí bí ó ti rí mọ́. Àwọn tí ó lè bá gómìnà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù kò rí ọ̀nà tí wọn ó gbà parí ìjà abẹ́ òrùlé tiwọn. Ìwé wọn jinlẹ̀; ìjà kékeré ni wọn kò tíì fi dánra wò tó.

Nítorí náà ni mo ṣe wí pé pípe ọ̀dọ́ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fún un ní ìjókòó ẹ̀yìn, kí a sì yà á ní fọ́tò, kò tó. Ìṣe ni ìlàjà. A kì í kọ́ ọ nípa gbígbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ lórí àkéte.

Àwọn aláṣẹ ayé pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èyí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 2015, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu kan, nọ́ńbà 2250, tí ó wí pé kí a fún àwọn tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 29 ní àyè nínú dídènà ìjà àti nínú píparí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin 2018 dín ọjọ́-orí ẹni tí ó lè du àyè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin àti ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ṣáájú èyí, ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, a dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè lọ sin ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá ilé ìlàjà sílẹ̀ ní 1999, níbi tí onílé àti ayálégbé lè gbé lọ parí ọ̀rọ̀ wọn láìsan owó lọ́yà. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin Àbújá kò lè mọ ìdí tí àdúgbò méjì fi ń jà sí kànga kan. Agùnbánirọ̀ sì ní ìwé ẹ̀rí gíga lọ́wọ́; ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò ní in, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wà nínú ìlú lọ́jọ́ gbogbo. Ìlú ni yóò ṣe ìyókù.

Kí wá ni ìlú lè ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ fi síwájú àwọn ọba wa, àwọn baálẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kò sí èyí tí ó ń fẹ́ owó ńlá.

Èkínní, kí ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, máa jókòó níbi gbogbo tí àwọn àgbà bá ti ń gbọ́ ẹjọ́ àdúgbò, kí iṣẹ́ wọn sì jẹ́ láti kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ti kálàmù àti ìwé mọ ohun tí mo ń wí. Àdéhùn tí a kò kọ máa ń yí ojú padà bí àwọn tí ó gbọ́ ọ ti ń kú. Kí a kọ ọjọ́, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí a kọ ohun tí ẹni kìn-ín-ní gbà láti ṣe àti ohun tí ẹni kejì gbà láti ṣe, àti ọjọ́ tí a ó tún padà wò ó. Kí a kà á sókè ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí ìhà kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan lọ. Èrè méjì ni ó wà níbẹ̀: ìlú yóò ní ìwé, ọ̀dọ́ tí ó kọ ọ́ yóò sì ti rí bí àgbà ti ń fi sùúrù yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbìínú.

Èkejì, kí a fún àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ní iṣẹ́ kan tí ìhà méjèèjì yóò jọ lò. Bí àdúgbò méjì bá ń jà sí ààlà, kí a má kọ́ gbọ̀ngàn kan fún èyí, kí a tún kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn fún ìyẹn; ogiri méjì ni a ń mọ yẹn. Afárá tí ó wà láàárín wọn, kànga tí obìnrin ìhà méjèèjì ń pọn, gọ́tà tí ó ń gba iwájú ilé èyí kọjá lọ sí iwájú ilé ìyẹn, òun ni iṣẹ́ tí ó yẹ. Bí wọ́n bá ń ṣe é, wọn ó jà. Ẹnìkan yóò pẹ́ dé, ẹnìkan yóò fẹ́ ṣe olórí. Kí àwọn àgbà má sáré dá sí i. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà parí rẹ̀ fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń parí ìjà àáró.

Ẹ̀kẹta, kí a fi owó díẹ̀ sí ìkáwọ́ wọn, kí a sì béèrè ìṣirò rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ìjà ìlú tí a ń pè ní ìjà oyè tàbí ìjà ilẹ̀, ìfura lórí owó ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti dúró níwájú ìlú rí láti ka iye tí ó gbà, iye tí ó ná àti iye tí ó kù, yóò mọ bí ó ti yẹ kí ẹlòmíràn dúró níwájú òun lọ́la. Bí owó kò bá pé, kí ó wí i. Bí ó bá jí i, kí ìlú mọ̀. Ó sàn kí a mọ olè nígbà tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju owó gọ́tà lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ra níbi yíyan wọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjòyè àti ọmọ olóṣèlú nìkan ni a ń pè, a kò tíì pe ọ̀dọ́. Àwọn àgbà kan náà ni a tún pè ní ẹ̀ẹ̀kejì. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀, kí a sì rí i dájú pé ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ alájàpá àti ẹni tí kò kàwé wà níbẹ̀. Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ìjà bá bẹ́, àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ni ọjà wọn ń tú, àwọn ni ó ń kọjá ààlà láti lọ tà tàbí láti lọ rà, àwọn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan ń bọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ tó báyìí kò yẹ kí ó wà níta nígbà tí a bá ń gbìmọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò wí. Wọn ó wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò wí pé kí a fi àkísà náà pamọ́ fún ọmọ. Àkísà tí a kò fi han ẹnikẹ́ni, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Àwọn kan yóò tún wí pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò ní sùúrù, owó kíákíá ni wọ́n ń wá. Ó rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó bá ti wá ń wá ẹni tí yóò rà á, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè iye ọjọ́ tí a fi kọ́ ọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Àyè tí ẹ ń béèrè kì í ṣe àyè ìsinmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó níbi ìlàjà gbọ́dọ̀ kọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún títí dé ìparí láìdáhùn. Ó gbọ́dọ̀ lè wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìwọ ni o jẹ̀bi," kí ó sì wí fún ẹni tí kò fẹ́ràn pé, "Ìwọ ni o jàre." Kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ onísùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ inú ìgbìmọ̀ lọ sí ilé ọtí, tàbí kí ó tàn án ká orí fóònù kí àwọn àgbà tó délé. Àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn tí yóò dá wa sí kúrò ní ojú ọ̀nà kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ibi tí ààlà wà, tí ó mọ ẹni tí ó fún ta ni ilẹ̀ àti ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà, ti ń darúgbó. Lọ́dọọdún ni a ń sìnkú díẹ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n mọ̀ sì ń bá wọn wọ ilẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nísinsìnyí, ẹnu ẹni tí ó fẹ́ jà ni yóò ti gbọ́ ọ lọ́la. Nítorí náà, ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá, ní ìpàdé yín tí ó ń bọ̀, kí ẹ tó ṣí ọ̀rọ̀, ẹ wo yàrá náà yíká. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ọjọ́-orí rẹ̀ kò tó 30, ẹ rán ènìyàn lọ pè é wá, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dé. Ọlọ́run yóò bá wa ṣe é.